Ìka Méjì Lábẹ́ Téèpù

Ọjọ́ Ẹtì, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ni yunifásítì ò ní gba fọ́ọ̀mù orí kọ̀ǹpútà wọn mọ́. Títí di àárọ̀ ọjọ́ Ajé, Túpalẹ̀ ti kọ orúkọ rẹ̀, ó ti kọ ọjọ́ ìbí rẹ̀, ó ti kọ iṣẹ́ ìyá rẹ̀: aránṣọ. Ibi tí wọ́n kọ "Ẹ̀kọ́ tí o yàn" sí ló ṣófo. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ti kọ nǹkan síbẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta ló ti pa á rẹ́.

Túpalẹ̀ kọ́ ni orúkọ tí wọ́n sọ ọ́. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni nígbà tó tú rédíò ìyá rẹ̀ palẹ̀ sórí tábìlì ìgéṣọ. Gbogbo ẹni tó wà ní ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í pè é bẹ́ẹ̀, orúkọ gidi wá di ohun tí wọ́n ń lò ní ilé ìwé nìkan. Rédíò yẹn ò sọ̀rọ̀ mọ́ láé. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ọwọ́ rẹ̀ ti kan kọ̀ǹpútà, ohun tó bá tú ló ń tò padà. Bí kọ̀ǹpútà ẹnikẹ́ni ládùúgbò bá kọṣẹ́, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń gbé e wá.

Ìṣirò ni òun àti ẹ̀ ò rẹ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ló jókòó ṣe ìdánwò rẹ̀. Ìgbà kejì ló tó yege, máàkì méjì péré ló sì fi là á já. Kì í ṣe ọ̀lẹ. Ó ka ìwé ìṣirò náà títí èèpo rẹ̀ fi ya. Kò ṣáà fẹ́ràn rẹ̀ ni, ẹnikẹ́ni ò sì lè fi agídí mú èèyàn fẹ́ràn nǹkan.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, tó wà ní ọdún kẹta nínú ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ, wálé fún ìsinmi lọ́sẹ̀ náà. Kò tàn án jẹ.

"Ìmọ̀ kọ̀ǹpútà, ọdún kìn-ín-ní, ìṣirò mẹ́rin," ó ní. "Ọdún kejì, mẹ́ta. Wàá máa rí wọn lójú àlá."

"Bùrọ̀dá, ṣé dandan ni gbogbo wọn?"

"Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké."

"Bí àáké náà bá wá já lé èèyàn lẹ́sẹ̀ ńkọ́?"

"Lọ ka ẹ̀kọ́ Ìtàn nígbà náà. Àwọn ọba tó ti kú kì í bi èèyàn ní ìṣirò."

Ìyá wọn gbọ́ láti ìdí máṣíìnì. "Ìtàn kẹ̀? Mo ti sọ fún gbogbo oníbàárà mi pé ẹnjiníà kọ̀ǹpútà lọmọ mi máa ṣe. Ẹ má sọ mí dònírọ́ o."

Ó ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń sọ ọ́, ṣùgbọ́n Túpalẹ̀ mọ̀ pé àwàdà kọ́. Ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni ìyá rẹ̀ ti dúró. Ohun tí kò rí kà, ó ń fojú sọ́nà fún un lára àwọn ọmọ rẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wàhálà dé láti ilé ìwòsàn.

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe jẹ́ nìyí. Ilé ìwòsàn kan gbé ọgọ́ta aṣọ nọ́ọ̀sì fún ṣọ́ọ̀bù náà rán. Àwọn méjì ló lọ wọn àwọn nọ́ọ̀sì: ìyá Túpalẹ̀, àti Bàbá Agéṣọ. Ọdún mẹ́tàdínlógún ni Bàbá Agéṣọ ti ń géṣọ níbẹ̀. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, kì í sì í jẹ́ kí ẹlòmíràn fọwọ́ kan àlùmọ́gàjí òun. Látẹ̀yìnwá, oníkálukú ló ní ìwé tirẹ̀, èyí tó bá sì wọ̀n sínú ìwé rẹ̀ ló ń gé. Ṣùgbọ́n ìwé a máa sọnù, epo máṣíìnì a sì máa dà sí i. Ni Túpalẹ̀ bá kọ ohun inú ìwé méjèèjì sínú kọ̀ǹpútà, ó tò wọ́n pọ̀ bí orúkọ ṣe tẹ̀ lé ara wọn, ó tẹ̀ ẹ́ jáde, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Àyà, ìbàdí, gígùn apá, gbogbo rẹ̀ wà lójú kan. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá dilẹ̀ á kàn gé orúkọ tó kàn. Gbogbo wọn yìn ín.

Aṣọ mẹ́wàá àkọ́kọ́ ló padà wá yìí. Mátíróònù, ọ̀gá àwọn nọ́ọ̀sì, gbé wọn wá fúnra rẹ̀, ó tò wọ́n sórí tábìlì.

"Mẹ́rin nínú wọn, bọ́tìnnì ò dé ojú ihò," ó ní. "Mẹ́ta, ó dà bíi pé aṣọ ìyá nọ́ọ̀sì ni nọ́ọ̀sì wọ̀. Mẹ́ta tó kù, kò sóhun tó burú lára wọn. Mi ò mọ ohun tí màá sọ fún yín."

"Ẹ má bínú, Mà," ìyá Túpalẹ̀ ní. "A máa tún un ṣe."

Bí mátíróònù ṣe jáde, ẹ̀gbọ́n yẹ ìwé ara ògiri wò. "Ìṣirò kọ̀ǹpútà ẹ ló ṣì," ó ní.

Etí Túpalẹ̀ gbóná. Ó ti mọ̀ ọ́n: ibi yòówù kó sá lọ, nǹkan yìí á bá a níbẹ̀. Ó kó ìwé méjèèjì jáde, ó fi wọ́n wé ti kọ̀ǹpútà láti orúkọ kìn-ín-ní dé ọgọ́ta. Kò sí nọ́ńbà kan tó yẹ̀. Ó tún ronú sí i. Kọ̀ǹpútà náà ò ro nǹkan kan pọ̀, kò yọ nǹkan kan kúrò. Ohun tí wọ́n kọ ló gbé jáde. Ìṣirò kankan ò sí níbẹ̀ tó lè ṣì.

A jẹ́ pé inú kọ̀ǹpútà kọ́ ni ọ̀rọ̀ wà nìyẹn.

Ní Ọjọ́rú, ó wọ́ àga kan sáàárín ṣọ́ọ̀bù, ó jókòó, ó ń wo ìyá rẹ̀ àti Bàbá Agéṣọ.

"Ṣé ọlọ́pàá lo ti dà ni?" ìyá rẹ̀ bi í.

"Màmá, ẹ wọ̀n mí."

"Kí n wọ̀n ẹ́ ṣe kí ni? Ta ló fẹ́ ránṣọ fún ẹ?"

"Àyà nìkan. Ẹ jọ̀ọ́."

Ìyá rẹ̀ fi téèpù yí i ká. "Mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n."

"Bàbá, ẹ̀yin náà ńkọ́?"

Bàbá Agéṣọ gbé àlùmọ́gàjí sílẹ̀, ó wọ̀n ọ́n. "Mẹ́rìndínlógójì."

"Íǹṣì méjì ni mo fi sanra láti ọwọ́ Màmá dé ọwọ́ yín?"

"Wọ́n ń bọ́ ẹ dáadáa nílé yín," Bàbá ní.

"Ẹ tún mi wọ̀n." Lọ́tẹ̀ yìí ó tẹrí ba, ó wo abẹ́ téèpù. Ìka Bàbá méjì wà láàárín téèpù àti aṣọ rẹ̀, wọ́n nà gbọọrọ bí ẹni tó sùn.

"Bàbá, kí ni ìka yín ń wá níbẹ̀?"

"Ìka wo?"

"Méjì tó wà lábẹ́ téèpù."

Bàbá wo ọwọ́ ara rẹ̀ bíi pé ẹnìkan ló gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀. "Ibẹ̀ náà ló máa ń wà. Ṣé kí ẹni tó wọṣọ má mí ni?"

Ìyá Túpalẹ̀ dìde lórí àga. "Bàbá, ẹ máa ń fi ìka sábẹ́ téèpù?"

"Bí ọ̀gá mi ṣe kọ́ mi nìyẹn. Mo ti fi ààyè sílẹ̀ fún un kí n tó kọ ọ́. Bó bá ku gígé, màá kàn gé e bó ṣe wà. Ẹ̀yin kì í ṣe bẹ́ẹ̀?"

"Èmi máa ń wọ̀n ọ́n típẹ́típẹ́. Ìgbà tí mo bá ń gé e ni mo máa ń fi íǹṣì méjì kún un."

"Ọdún mẹ́tàdínlógún la ti jọ ń ṣiṣẹ́," Bàbá ní.

"Ẹ ò sì sọ fún mi."

"Ẹ ò béèrè."

Wọ́n wo ara wọn bí tọkọtaya tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé ilé ọ̀tọ̀ ni oníkálukú ń gbé. Ọ̀rọ̀ náà wá yé gbogbo wọn. Èyí tí ìyá wọ̀n tí Bàbá sì gé, kò ní ààyè rárá, ìyẹn ló fún. Èyí tí Bàbá wọ̀n tí ìyá sì gé, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n fún un láàyè, ìyẹn ló tóbi. Èyí tí ẹnì kan náà wọ̀n tó sì gé, òun ló dáa.

"Èmi ni mo da ìwé yín pọ̀," Túpalẹ̀ ní.

"Ìwọ lo dà á pọ̀," ìyá rẹ̀ ní, "àwa la ò sọ̀rọ̀."

Ẹ̀gbọ́n ní kí ó fi méjì kún gbogbo ti Màmá, kí Màmá má sì fi nǹkan kan kún un mọ́ bó bá ń gé e, kí ọ̀rọ̀ tán. Túpalẹ̀ ṣe é, nítorí mátíróònù. Ṣùgbọ́n kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Iṣẹ́ mìíràn á tún dé, wọ́n á tún wọ̀n. Ó fi ibi ìdáhùn kan sínú kọ̀ǹpútà, ó kọ síbẹ̀ pé: "Ṣé o ti fi ààyè kún ìwọ̀n yìí?" Ó pe Bàbá kó wá dán an wò. Bàbá fò ó kọjá. Ó sọ lẹ́tà náà di ńlá. Bàbá wọ awò ojú rẹ̀, ó kà á, ó tẹ èyí tí kò yẹ.

"Ọ̀rọ̀ yẹn gùn jù," Bàbá ní. "Èmi ń wọn èèyàn lọ́wọ́, ìwọ ń bi mí ní ìbéèrè."

Túpalẹ̀ yọ gbogbo ọ̀rọ̀ kúrò. Ó ya ọwọ́ méjì síbẹ̀: ọ̀kan tí ìka wà lábẹ́ téèpù, ọ̀kan tí kò sí. Ó tún pe Bàbá.

"Ọwọ́ mi rèé," Bàbá ní, ó sì tẹ̀ ẹ́. "Èékánná mi ò gùn tó báyìí ṣá."

Kọ̀ǹpútà á wá fi íǹṣì méjì kún un fúnra rẹ̀ tàbí kí ó fi í sílẹ̀. Ìgbà tí Túpalẹ̀ máa gbójú sókè, oòrùn ti kúrò lójú fèrèsé, oúnjẹ ọ̀sán rẹ̀ ti tutù lórí tábìlì. Ó mọ̀ pé ìṣirò díẹ̀ wà nínú ohun tó ṣe. Kò sì fi ìyẹn tan ara rẹ̀ jẹ. Méjì lé mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n kọ́ ni wọ́n á bi í ní yunifásítì.

Ní Ọjọ́bọ̀ ó lọ bá olùdámọ̀ràn ilé ìwé, obìnrin kan tí tábìlì rẹ̀ kún fún ìwé débi pé èèyàn gbọ́dọ̀ na ọrùn kó tó rí i.

"Mo fẹ́ràn kọ̀ǹpútà, Mà, mi ò fẹ́ràn ìṣirò," Túpalẹ̀ ní. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún mi pé ìṣirò dùn."

"Kò dùn mọ́ èmi náà. Jókòó. Kí lo máa ń fi kọ̀ǹpútà ṣe?"

Túpalẹ̀ sọ ti kọ̀ǹpútà àwọn ará àdúgbò, obìnrin náà ń mi orí. Ó wá sọ ti aṣọ nọ́ọ̀sì. Obìnrin náà gbé bírò sílẹ̀.

"Tún ibi tí o ti yọ ọ̀rọ̀ kúrò sọ."

Ó tún un sọ. Olùdámọ̀ràn wá ìwé ńlá kan jáde lábẹ́ àwọn ìwé tó kù.

"Gbọ́, màá sọ ọ́ bó ṣe rí. Ẹni tó fẹ́ kọ́ kọ̀ǹpútà bó ṣe máa dá ojú èèyàn mọ̀, tàbí tó fẹ́ ṣe irú eré tí wọ́n ń ṣe lórí kọ̀ǹpútà, kò lè sá fún ìṣirò. Ṣé ìyẹn lo fẹ́?"

"Rárá, Mà."

"Ṣé o ò fẹ́ ẹ ni, àbí ẹ̀rù ló ń bà ẹ́?"

Túpalẹ̀ ronú sí i. "Ẹ̀rù ń bà mí. Ṣùgbọ́n bí kò bá tiẹ̀ bà mí, ibi tí Bàbá ti ń tẹ ohun tí kò yé e, ibẹ̀ ni mo fẹ́ wà."

Obìnrin náà yí ìwé sí i, ó fi bírò tọ́ka sí ìlà kan: Ìmọ̀ Ètò Ìsọfúnni. "Wọ́n máa kọ́ ẹ bí wọ́n ṣe ń bi àwọn èèyàn léèrè iṣẹ́ wọn, àti bí wọ́n ṣe ń kọ ètò kọ̀ǹpútà tó bá iṣẹ́ náà mu. Ìṣirò wà níbẹ̀ o. Ẹyọ kan lọ́dún kìn-ín-ní, ẹyọ kan lọ́dún kejì. Bí o ò bá yege nínú wọn, wọn ò ní jẹ́ kí o kọjá."

"Méjì, dípò méje. Mo bọ́ lọ́wọ́ márùn-ún."

"O rí i, o ti ń ṣe ìṣirò."

Lọ́jọ́ Ẹtì, aago méjì kọjá, Túpalẹ̀ sọ fún ìyá rẹ̀. Máṣíìnì dákẹ́.

"Ìyẹn kì í ṣe ẹnjiníà kọ̀ǹpútà," ìyá rẹ̀ ní.

"Kì í ṣe é, Màmá."

"Ẹ̀kọ́ àwọn tó sá fún ìṣirò ni," ẹ̀gbọ́n ní láti ẹnu ọ̀nà.

Bàbá Agéṣọ ò gbójú sókè nídìí aṣọ tó ń gé. "Ìwọ tí o ò sá, ṣé ìwọ lo rí ìka mi?"

Ẹ̀gbọ́n họ orí. "Ẹ ti mú mi, Bàbá."

"Màmá," Túpalẹ̀ ní, "bí mo bá kọ èyí tí ẹ fẹ́, mo lè má kọjá ọdún kìn-ín-ní. Èyí, màá parí ẹ̀."

"Kí ló dá ẹ lójú?"

"Lọ́jọ́rú, mi ò rántí jẹun."

Ìyá rẹ̀ wò ó tìtì. Ọmọ yìí, bí àìsàn bá tiẹ̀ dá a gúnlẹ̀, á ṣì béèrè ohun tó wà nínú ìkòkò. "Ìyẹn ò ṣẹlẹ̀ rí," ó ní. Ó fa òwú já lẹ́nu abẹ́rẹ́, ó dìde. "Àwọn oníbàárà mi á ti gbàgbé. Bí wọn ò bá gbàgbé, màá sọ pé ọmọ mi ló mọ ìdí tí aṣọ fi fún. Gbé kọ̀ǹpútà ẹ wá. Èmi ni mo fẹ́ tẹ ìgbẹ̀yìn ẹ̀."

Túpalẹ̀ kọ ẹ̀kọ́ náà sí ibi tó ṣófo. Kò pa á rẹ́. "Bùrọ̀dá, ìṣirò méjì yẹn, ẹ̀yin lẹ máa kọ́ mi o."

"Títí wàá fi sunkún."

"Mo ti sun ún tán nínú ìdánwò. Ẹ bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé."

Gbogbo wọn yí kọ̀ǹpútà ká. Ìyá rẹ̀ na ìka, ó sún un lọ sójú ibi tí kò yẹ. Túpalẹ̀ gbá ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Kí ló dé?"

"Ẹ fẹ́ fagi lé e ni, Màmá. Èyí tó wà lápá ọ̀tún ni ti fífi ránṣẹ́."

"Àwọn méjèèjì ò yàtọ̀ síra. Àwọ̀ kan náà, ìwọ̀n kan náà."

"Ẹni tó ṣe é ò pe ẹnikẹ́ni wá wò ó," Túpalẹ̀ ní. Inú ń bí i díẹ̀, ó sì ń dùn mọ́ ọn.

Ìyá rẹ̀ tẹ ti ọ̀tún, ó tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú agbára bí ẹni ń ti ilẹ̀kùn tó há. Òbírí kékeré kan ń yí lójú kọ̀ǹpútà. Lẹ́yìn náà ó dúró, ọ̀rọ̀ sì jáde lójú kọ̀ǹpútà pé yunifásítì ti gba fọ́ọ̀mù náà.

"Ìgbà wo ni wọ́n máa dáhùn?" ìyá bi í.

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀." Ó padà sídìí máṣíìnì, ó sì na ọwọ́ sẹ́yìn sí ìwé ara ògiri láìwẹ̀yìn. "Ka orúkọ tó kàn fún mi."