Ẹni Tó Pa Kíbọ́ọ̀dù Lẹ́nu Mọ́

Inú ń bí Kíkẹ́lọmọ nínú ọkọ̀ láti Ìjọra títí dé Ajégúnlẹ̀, kì í sì í ṣe ìbínú kékeré. Ọdún mẹ́fà ló ti ń tẹ kíbọ́ọ̀dù ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní Àpápá, kò pa ìsìn kan jẹ rí. Ní Sọ́ńdè tó kọjá, kíbọ́ọ̀dù náà tan iná, kò dún. Kí ẹnikẹ́ni tó wádìí nǹkan kan, Díákónì Akínsànyà, olórí ẹgbẹ́ akọrin, ti dìde níwájú gbogbo ìjọ. Ó ní íápíìsì tí Kíkẹ́lọmọ máa ń kì bọ ihò rẹ̀ nígbà tó bá ń fi dánra wò ló bà á jẹ́. Ó ní kó kúrò nídìí rẹ̀, kó lọ jókòó sẹ́yìn pátápátá. Ìyá rẹ̀ wà níbẹ̀.

Ẹ wo ọ̀rọ̀! Íápíìsì tó ń lò kí àwọn tó múlé ti ṣọ́ọ̀ṣì má baà sọ̀kò sí òrùlé ni wọ́n fi dá a lẹ́bi.

Ní Sátidé, Díákónì tikára rẹ̀ bá a gbé kíbọ́ọ̀dù náà lọ sọ́dọ̀ Ejiroghene, obìnrin tó ń tún ẹ̀rọ orin ṣe ní Ajégúnlẹ̀. Kì í ṣe àánú ló gbé e débẹ̀ o. Ó fẹ́ fi etí ara rẹ̀ gbọ́ ẹ̀bi ọmọ náà ni.

Ejiroghene tàn án, ó tẹ̀ ẹ́, kẹ́kẹ́ pa. Ó ki íápíìsì bọ ihò, ó fi sétí, ó mi orí.

"E dey sound for inside. Kíbọ́ọ̀dù yìí rò pé íápíìsì ṣì wà nínú òun ni. Ìdí tó fi pa sípíkà nìyẹn."

"Ṣé ẹ gbọ́!" Díákónì pàtẹ́wọ́. "Mo sọ ọ́! Íápíìsì ni!"

Kíkẹ́lọmọ yíjú sí kíbọ́ọ̀dù. Ẹni tó tó bàbá ẹni kì í ṣe ẹni tí à ń dá lóhùn bó ṣe wuni.

Ejiroghene tú ẹ̀yìn kíbọ́ọ̀dù. Irin pẹlẹbẹ kan wà nínú ihò náà. Bí wọ́n bá yọ íápíìsì, irin yẹn ló yẹ kó ta padà kí sípíkà lè dún. Kò lè ta padà, nítorí ìdọ̀tí dúdú kan ti lẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ó fi òwú nù ún, ó gbé e símú.

"Na olive oil be dis o, òróró àti eruku ló dì pọ̀. Ta ló ń dín ẹyin lórí kíbọ́ọ̀dù nínú yín?"

Kíkẹ́lọmọ rántí. Nínú oṣù Ṣẹ́rẹ́, lọ́jọ́ tí wọ́n ya ohun èlò orin sí mímọ́, Díákónì yìí kan náà ló da odidi ìgò òróró àdúrà sórí kíbọ́ọ̀dù, tó ń ké pé ohùn rẹ̀ kò ní kú. Kíkẹ́lọmọ fẹ́ fi ìborùn rẹ̀ bò ó, ọkùnrin náà gbá ọwọ́ rẹ̀ dànù: "Ṣé o fẹ́ dínà ìbùkún ni?"

Ẹni a ní kó kín ni lẹ́yìn, ẹ̀gún ló fi sọ́wọ́! Kíkẹ́lọmọ wo Díákónì. Díákónì ń wo títì.

"Kíkẹ́," ó ní, ohùn rẹ̀ ti rọ̀, "jẹ́ kọ́rọ̀ yìí parí síbí. Màá ní kó o padà sídìí ẹ̀ lọ́la."

"Iwájú ìjọ lẹ ti lé mi, sà." Kíkẹ́lọmọ dojú kọ ọ́. "Iwájú ìjọ náà ni kẹ́ ẹ ti sọ ọ́."

"Èmi? Àgbà bíi tèmi?"

Kíkẹ́lọmọ gba òwú dúdú náà lọ́wọ́ Ejiroghene, ó dì í sínú ọ̀rá.

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, Díákónì gba gbohùngbohùn, ó kéde pé Ọlọ́run ti tún kíbọ́ọ̀dù ṣe, kí Arábìnrin Kíkẹ́lọmọ bọ́ síwájú. Ìjọ pariwo halelúyà. Ó rìn lọ, àmọ́ kò jókòó. Ó gbé ọ̀rá náà lé orí kíbọ́ọ̀dù, ó sì kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀ níwájú Díákónì bí ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa.

"Ẹ bá mi sọ ohun tó wà nínú ẹ̀ fún wọn, sà. Tẹ́ ẹ bá sọ ọ́ tán, màá dìde."

Ariwo rọlẹ̀. Díákónì nu ojú, ó gbé gbohùngbohùn kúrò lẹ́nu.

"Òróró ni," ó ní wúyẹ́wúyẹ́. "Èmi ni mo dà á."

Kíkẹ́lọmọ kò kúrò lórí eékún rẹ̀.

"Àwọn tó wà lẹ́yìn ò gbọ́, sà."