Òkúta Kan Wá Jẹ́rìí

Múfú, rọra ná. So aṣọ yẹn mọ́ mi lọ́rùn, kò burú, àmọ́ má tíì tan kílípà. Ẹni tí wọ́n fẹ́ fá lórí náà lẹ́tọ̀ọ́ kó sọ̀rọ̀. Àlá kan ló gbé mi jókòó sórí àga yìí láàárọ̀ yìí, mọ́jú òní ni mo lá a, ẹ sì máa gbọ́ ọ tán kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan irun mi. Bí wọ́n bá kó gbogbo àlá tí ìlú yìí ti lá láti ọdún tó kọjá jọ, wọn ò ní kún ìdajì tèmi.

Ẹ̀yin náà mọ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ àná, lórí bẹ́ńṣì tẹ́ ẹ jókòó lé yìí, a ń jiyàn ta ló kọ́ píránmídì ilẹ̀ Íjíbítì, àwọn òkìtì òkúta gàgàrà tí wọ́n sin àwọn ọba ayé ijọ́un sí. Tíṣà Ògúnṣínà ní ẹrú ló kọ́ ọ, lábẹ́ pàṣán. Ogójì ọdún ni Tíṣà fi kọ́ wa nílé ìwé, torí náà wọn kì í ṣì í sọ, wọ́n kàn máa ń tún un sọ sókè sí i ni. Múfú, ìwọ ní àlùjànnú ni, o ní ta lèèyàn tó máa gbé irú òkúta yẹn tí ìdodo ẹ̀ ò ní jábọ́. Kúnmi tá a jọ ń gbé yàrá kan ní àwọn kan ló fò wálẹ̀ láti ojú ọ̀run wá kọ́ ọ, òun rí i nínú fóònù, ọkùnrin tó sọ ọ́ sì lo awò ojú. Nínú gbogbo wa, kò sẹ́ni tó ti rìn kọjá Ìbàdàn rí.

Èmi náà dìde. Mo ní ará ilé bàbá mi ló kọ́ ọ. Ẹ rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló bí mi nínú, ni mo bá la ẹnu mi yìí, mo ní bí kì í bá ṣe ará ilé bàbá mi, kí Múfú fá orí mi kodoro. Ẹ gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, torí gbogbo yín lẹ mọ ohun tí irun yìí jẹ́ fún mi.

Ẹni tí kò bá mọ̀, kó gbọ́. Lọ́la ni mò ń lọ rí bàbá Ìbídùn, kí n lè sọ fún wọn pé mo fẹ́ fẹ́ ọmọ wọn. Ìbídùn ti fi fọ́tò mi hàn wọ́n. Irun ló kún inú fọ́tò náà, ojú mi kàn yọ díẹ̀ lábẹ́ ẹ̀ ni. Bàbá ò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́, wọ́n gbé e sún mọ́ imú, wọ́n ní, “Onírun yìí, kó máa bọ̀.” Wọn ò sọ pé oníṣẹ́ ọwọ́, wọn ò sọ pé ọmọlúàbí. Onírun ni wọ́n ní. Irun yìí pọ̀ débi pé ẹyẹ ẹ̀ga ti wá yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mejì bóyá òun lè kọ́ ìtẹ́ síbẹ̀. Abẹ́ ẹ̀ wá ńkọ́? Ìyá mi nìkan ló rí abẹ́ ẹ̀ rí, wọ́n ní ó rí bíi kókò tí wọ́n tètè wú. Bí mo bá dé ọ̀dọ̀ bàbá yẹn pẹ̀lú orí kókò, wọ́n á ní àwọn ò mọ̀ mí rí, òótọ́ ni wọ́n sì máa sọ.

Ẹ ò lè dájọ́ lánàá, torí kò sẹ́ni tó wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń kọ́ nǹkan ọ̀hún. Mo bá lọ sùn, ọkàn mi balẹ̀ bíi ti ọba.

Bí mo ṣe dijú, orí àga yìí ni mo bá ara mi. Múfú, ò ń fi ẹsẹ̀ tẹ ìdí ẹ̀ kó lè ga sókè díẹ̀, àga náà sì ń ga. Ó kọjá àjà, ó kọjá páánù, ó kọjá òpó iná. Mo ní, “Múfú, ó tó.” O ní kò tíì tó, o ní o ò tíì rí ọ̀gángán orí mi dáadáa. Mo bá ń lọ. Nígbà tó yá, táǹkì omi ìlú kéré nísàlẹ̀ bíi ife.

Níbi tí àga ti dúró, ọ́fíìsì kan léfòó sójú afẹ́fẹ́. Okùn kànga ni wọ́n fi so ó mọ́ taya ọkọ̀ akẹ́rù kó má baà fò lọ. Wọ́n kọ ọ́ sára ògiri ẹ̀ gàdàgbà pé: ILÉ IṢẸ́ ÌJỌBA TÓ Ń RÍ SÍ OHUN TÓ TI KỌJÁ. Wọ́n tún fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀ pé kí ẹni tó bá ń béèrè ohun tó ń bọ̀ padà wá lọ́la.

Mo tò sórí ìlà. Fọ́ọ̀mù ló jókòó sẹ́nu ọ̀nà, fọ́ọ̀mù fúnra ẹ̀, òun ló ń béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ èèyàn, ohùn ẹ̀ sì dà bíi ti obìnrin tí kò tíì jẹun àárọ̀. Ó bi ọkùnrin tó wà níwájú mi pé ṣé ó wà níbẹ̀ nígbà tí ohun tó fẹ́ sọ ṣẹlẹ̀. Ọkùnrin yẹn ní bẹ́ẹ̀ ni, òun wà níbẹ̀. Fọ́ọ̀mù ní kó bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, pé ẹni tó wà níbẹ̀ ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, kò tún yẹ kó dá sí i mọ́. Ó kàn mí. Mo ní èmi ò sí níbẹ̀, mi ò tiẹ̀ sí nítòsí. Ó ní mo káre, kí n wọlé. Ó bọ́gbọ́n mu lójú mi.

Àwọn ọ̀gá mẹ́ta ló wà nínú ilé, wọ́n jókòó sẹ́yìn tábìlì kan tó gùn tó títì. Ọ̀kan ń sọ̀rọ̀ bíi Tíṣà, ọ̀kan bíi Múfú, ọ̀kan bíi Kúnmi. Mi ò ní ẹ̀yin ni o, mo ní wọ́n ń sọ̀rọ̀ bíi yín ni. Ọ̀gá àkọ́kọ́ ní ẹrú ló kọ́ ọ, irùngbọ̀n sì hù sí i lágbọ̀n lójú ẹsẹ̀. Ó ní ìwé ló sọ bẹ́ẹ̀, ìwo méjì yọ. Ó ní gbogbo ayé ló mọ̀, ló bá di òbúkọ pátápátá, táì sì wà lọ́rùn ẹ̀ digbí. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní ẹ kú iṣẹ́ sà. Òbúkọ tó bá so táì, ọ̀gá náà ni.

Kò pẹ́ tí àwọn méjì tó kù náà fi di òbúkọ. Kò yí nǹkan kan padà nínú iyàn tí wọ́n ń jà. Ká sòótọ́, ìgbà yẹn gan-an ló wá ń yé mi.

Wọ́n ní kí èmi náà rojọ́. Mo ní bàbá tó bí bàbá bàbá mi ló kọ́ píránmídì, òun nìkan ṣoṣo. Mo ní ọwọ́ òsì ló fi ń to òkúta, torí ọwọ́ ọ̀tún ló fi ń jẹ̀kọ. Mo ní nígbà tó parí ẹ̀, òkúta ṣẹ́ kù, ó fi èyí tó kù mọ òkè oríṣiríṣi káàkiri ayé. Àwọn òbúkọ ń fi pátákò lu tábìlì. Wọ́n ní ohun tí wọ́n ti ń wá láti ọjọ́ yìí nìyẹn. Òbúkọ àgbà ní kí wọ́n lọ gbé òǹtẹ̀ wá. Mo fọwọ́ pa irun mi, mo sọ fún un lọ́kàn mi pé a ti borí.

Ni ẹnìkan bá kanlẹ̀kùn. Òkúta kan wọlé, ó tóbi tó yàrá àti pálọ̀, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ bí ẹni tó ti ọ̀nà jíjìn bọ̀.

Ó ní, “Ẹ dákun, ẹ má bínú pé mo pẹ́. Èmi ni òkúta kẹta láti ìsàlẹ̀, lápá ibi tí oòrùn ti ń yọ. Wọ́n ní ẹ̀ ń wá ẹni tó gbé wa.”

Òbúkọ kìíní ní kó mú ìwé ẹ̀rí ẹ̀ wá. Òkúta ní òun ò lọ sílé ìwé, ojú kan lòun wà. Òbúkọ kejì bi í pé àlùjànnú wo ló gbé e. Òkúta ní èèyàn ni, wọ́n pọ̀, wọ́n ń fa òun lórí iyanrìn, wọ́n ń bú ara wọn, àlùbọ́sà ń run lẹ́nu wọn. Ó ní ọ̀kan wà níwájú tí òun tẹ̀ lẹ́sẹ̀, tó fi àkísà wé àtàǹpàkò. Gbogbo ìgbà ni ọkùnrin yẹn ń béèrè bóyá wọ́n máa tètè ṣíwọ́, torí oyún ìyàwó ẹ̀ ti wọ oṣù ìbí. Òkúta ní láti bí ẹgbẹ̀rún ọdún mẹ́rin àti ààbọ̀ lòun ti ń rò ó, bóyá ó délé kí ìyàwó ẹ̀ tó bímọ. Ó ní kò sẹ́ni tó bi òun léèrè ìyẹn rí.

Mi ò ní parọ́ fún yín, ó ṣe mí bákan. Àmọ́ irun wà lórí mi. Mo sún mọ́ òkúta, mo rẹ ohùn sílẹ̀, mo ní, “Ọkùnrin yẹn, ará ilé bàbá mi ni, àbí?”

Ó wò mí láti òkè délẹ̀. Ó ní, “Rárá o. Mo mọ orúkọ ẹ̀. Orúkọ ẹ̀ ni...”

Mo jókòó lé e lẹ́nu.

Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀ yẹn. Ta ni nínú yín tí ò ní jókòó? Òkúta ń dárúkọ náà lábẹ́ ìdí mi, ó ń gbọ̀n mí láti ìdí dé eyín, mo wá fi orin bò ó mọ́lẹ̀. Àwọn òbúkọ bá mi gbe orin. Nígbà tó rẹ òkúta, tó dákẹ́, òbúkọ àgbà ní ẹ̀rí ti pé, kò sẹ́ni tó ta kò mí, ará ilé bàbá mi ló kọ́ ọ. Wọ́n gbé òǹtẹ̀ dé. Wọ́n ní orí ni wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ sí. Mo tẹrí ba tayọ̀tayọ̀, mi ò tètè fura pé òǹtẹ̀ yẹn ń kùn bíi kílípà.

Gbogbo irun mi ló bọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Kò já sílẹ̀ bí irun o, ó dìde dúró, ó gbọn ara ẹ̀, ó kí mi pé ó dàbọ̀, ó sì sọ̀ kalẹ̀ lọ. Mo ń wò ó láti òkè. Ó yà ní Òkè-Àró, ó gba ọ̀nà ilé Ìbídùn, ó kanlẹ̀kùn. Bàbá Ìbídùn gbé e sún mọ́ imú, wọ́n ní, “Onírun, káàbọ̀, a ti ń retí ẹ.” Wọ́n fún un ní àga. Wọ́n bu omi fún un. Ìbídùn wá jókòó tì í, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Mo fẹ́ sáré bá wọn, mo fẹsẹ̀ tẹ afẹ́fẹ́, mo já bọ́.

Mo lajú. Kùn-ùn-ùn yẹn ṣì ń dún. Mo fọwọ́ ba orí mi, irun wà níbẹ̀ pérépéré. Kúnmi ló ń fẹsẹ̀ ti òkúta tá a fi ń dá ilẹ̀kùn wa dúró lórí sìmẹ́ńtì kó lè ráyè jáde. Inú mi dùn débi pé mo lè fẹnu ko òkúta yẹn lẹ́nu. Mo kàn bi Kúnmi, ìbéèrè lásán, pé ta ló tiẹ̀ gbé òkúta yìí wá sílé yìí.

Ó ní òun ni. Mo ní irọ́ ni, èmi ni mo gbé e, láti odò, nínú òjò, ọwọ́ kan ni mo sì fi gbé e. Ó ní odò wo. A ò tíì lo ọdún méjì nínú ilé yẹn o. Ó ní òun rántí ọjọ́ tí òun gbé e, ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni. Mo ní ọjọ́ Ajé ni, mo sì ní bí kì í bá ṣe èmi, kí Múfú fá orí mi kodoro.

Ọ̀rọ̀ yẹn ò tíì tán lẹ́nu mi tí Ìyá Sìkírá aládùúgbò wa, tí wọ́n ń gbálẹ̀ lójúde, fi dáhùn láìgbé ẹ̀yìn sókè.

“Tìjání ló gbé e.”

Tìjání tó gbẹ́ kànga ilé wa. Wọ́n ní ìsàlẹ̀ kànga ló ti gbé òkúta náà jáde, ó sì bọ́ lé e lẹ́sẹ̀. Wọ́n ní ilẹ̀kùn wa ń gbá gbàgà lọ́jọ́ náà, Sìkírá tó wà lọ́mọ ọwọ́ ò rí oorun sùn, ni Tìjání bá ń tiro bọ̀, ó fi òkúta dá ilẹ̀kùn dúró. Ìyá Sìkírá fúnra wọn ló fa etí gèlè wọn ya tí wọ́n fi dì í lẹ́sẹ̀.

Mo ní, “Ibo la wà, Ìyá Sìkírá?”

“Ẹ wà nínú yàrá. Ẹ̀yin méjèèjì ń jiyàn ta ló bẹ̀rẹ̀ ogun àgbáyé àkọ́kọ́. Ó kí yín, ẹ ò dáhùn.”

Mo bi wọ́n pé ta ni Tìjání gan-an. Wọ́n ní ẹni tó ń kí mi láràárọ̀ ni.

Ohun tó gbé mi dórí àga yìí nìyẹn. Kúnmi sì nìyẹn lẹ́nu ọ̀nà, kí n má baà sá, bí ẹni pé òun náà ò purọ́, irun tiẹ̀ ni ò fi búra. Ẹ dúró ná. Ẹ wo ìta. Ẹni tó gbé ṣọ́bìrì léjìká yẹn, tó ń fi gìgísẹ̀ rìn, òun nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n Tìjání! Ẹ kú àárọ̀ sà. Ẹ dákun, ẹ̀yin lẹ gbé òkúta ilẹ̀kùn wa, àbí ẹ̀yin kọ́?

Ẹ gbọ́ ọ. Wọ́n ní àwọn ni.

Kí lẹ wí, Tíṣà? Kí wọ́n mú ẹ̀rí wá?

Múfú, tan kílípà. Iwájú ni kó o ti bẹ̀rẹ̀, kí n lè máa wò ó bó ṣe ń dìde lọ sílé bàbá Ìbídùn.