Ìránṣẹ́ Tó Wọ Ojú Òkú

Tẹ́lísì já wọ àgọ́ ẹ̀yìn ìtàgé bí ẹni tí oyin ń lé. Ó bọ́ ìbòjú ayaba, ojú àtọwọ́dá onírun gígùn, sórí pẹpẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ìránṣẹ́, ó ju aṣọ ayaba sílẹ̀, ó ki orí bọ ẹ̀wù ìránṣẹ́. Ayaba ti wọlé lọ pokùn so. Ó ku ìránṣẹ́ tí yóò jáde wá ròyìn ikú rẹ̀ fún ìlú. Òṣèré mẹ́ta péré ni wọ́n ń gbà nínú eré kan ní Átẹ́nì, nítorí náà, Tẹ́lísì ni ayaba, Tẹ́lísì náà ni ìránṣẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ yára," ni Mósíkù, òṣèré ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, wí. "Wọ́n ti ń fi gìgísẹ̀ lu ìjókòó. Bí wọ́n bá fi ọ̀pọ̀tọ́ lé yín wọlé lónìí, àárín àwọn ewúrẹ́ bàbá yín lẹ ti máa ṣe ayaba."

"Pa ẹnu ẹ mọ́ níbẹ̀."

Àmọ́ àyà Tẹ́lísì ń lù débi pé eku àjà kó ẹrù. Lọ́dún tó kọjá, èso ólífì ni wọ́n fi sọ ọ́ lókò kúrò lójú agbo. Òǹkọ̀wé eré yìí nìkan ló tún gbà á, ó sì ti sọ fún un pé àṣìṣe kan báyìí, ó parí. Ó na ọwọ́ sí pẹpẹ, ó gbé ìbòjú, ó dè é mọ́rí, ó sáré jáde.

Èrò kún ẹ̀gbẹ́ òkè tí wọ́n to ìjókòó sí bí ẹni pé àwọn ará ọ̀run náà kó àbúrò wọn wá. Ó fẹ́ la ẹnu. Nǹkan kan rọra fọwọ́ kan èjìká rẹ̀.

Irun gígùn.

Ojú ayaba ló tún dè.

Lókè lọ́hùn-ún, ẹnìkan bú sẹ́rìn-ín. Bó bá sá wọlé, ó tán. Bó bá fi ojú òkú jẹ́ ìránṣẹ́, ẹ̀rín wọn á dé Páṣíà kó tó di ọ̀sán. Wọ́n ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n ta ni òkú ń rí rán?

Fánísì, àgbàlagbà tó ṣíwájú ẹgbẹ́ akọrin, sún mọ́ ọn. "Ọmọ yìí, kí lo gbé sójú?" ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Lẹ́yìn náà ló gbé ohùn sókè bí wọ́n ṣe kọ́ ọ: "Ìwọ tó tinú ilé wá, ta ló kú?"

Tẹ́lísì yí ojú ayaba sọ́dọ̀ èrò.

"Èmi ni," ó ní.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ohùn ayaba fúnra rẹ̀ ròyìn ikú náà. Okùn. Igi àjà. Orúkọ ọmọ tó pè tí ẹnikẹ́ni ò dáhùn. Ọ̀rọ̀ tó ti ń há sórí láti ìgbà òtútù ni, ó máa ń sáré kà á bí ẹni ń ka iye ẹran. Lónìí, kò yá lẹ́nu rẹ̀. Nísàlẹ̀ níwájú, ọkùnrin kan gbé ọ̀pọ̀tọ́ sókè láti jù ú. Ọwọ́ rẹ̀ dúró sí afẹ́fẹ́, kò sì bọ̀ wálẹ̀ títí ọ̀rọ̀ náà fi tán.

Nígbà tó wọlé, Mósíkù ò rẹ́rìn-ín. "Òǹkọ̀wé ń bọ̀ lẹ́yìn yín. Mi ò mọ̀ bóyá ó fẹ́ lù yín ni, tàbí ó fẹ́ dì mọ́ yín."

Tẹ́lísì jókòó sílẹ̀. Àwọn ayaba tó ti pa lórí ìtàgé láti ọdún wọ̀nyí wá, wọ́n tó ìlú kan. Ojú gbogbo wọn ló sáré bọ́ sílẹ̀, kó lè tètè wá fi ohùn ọkùnrin ròyìn ikú wọn. Kò bi ọ̀kankan nínú wọn rí bóyá ó fẹ́ fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́.