Ìwé Ìbúra Tí Tísà Àgbà Fọwọ́ Sí

Ogójì ọdún ni Tísà Àgbà fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ, kò sì sẹ́ni tó parọ́ níwájú rẹ̀ rí tí kò gba pàṣán. Òtítọ́-Korò làwọn ọmọ ń pè é lẹ́yìn.

Ìyá náà ti lé ní àádọ́rin ọdún nígbà tí àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, akọ̀wé iléeṣẹ́ omi, wá bá a. Wọ́n ti ní kí àbúrò máa múra àtifẹ̀yìn tì.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá mi lọ búra ní kóòtù pé mo fi ọdún márùn-ún kéré sí iye tó wà nínú ìwé. Ojú yín ni wọ́n ṣe bí mi, ta ni yóò bá yín jiyàn?"

Ó kọ́kọ́ kọ̀. Àmọ́ ọmọ ìyá ni ọmọ ìyá ń jẹ́. Ó lọ, ó gbé ìwé mímọ́ sókè, ó búra, ó fọwọ́ sí i.

Ọdún ò yípo tí iléeṣẹ́ omi fi lọ tú ìwé ilé ẹ̀kọ́ tí àbúrò lọ ní kékeré. Orúkọ rẹ̀ àti ọjọ́ ìbí rẹ̀ wà nínú ìwé kíláàsì kìíní kedere. Tísà Àgbà ló ni kíláàsì yẹn, òun náà ló sì fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́.

Ní kóòtù, agbẹjọ́rò ìjọba gbé ìwé méjèèjì síwájú rẹ̀.

"Mà, ta ló kọ èyí?"

"Èmi ni."

"Ta ló fọwọ́ sí èyí?"

"Èmi náà ni."

"Èwo wá ni ká gbà gbọ́?"

Ìyá bojú wẹ̀yìn bóyá á rí àbúrò rẹ̀, kò rí i.

"Ti àkọ́kọ́," ó fèsì. "Irọ́ ni mo fi èkejì pa."

Adájọ́ ní ẹ̀wọ̀n ọdún gbọọrọ ló tọ́ sẹ́ni tó búra èké, ṣùgbọ́n nítorí ọjọ́ orí rẹ̀, àti pé ó jẹ́wọ́, kó máa gbá ọgbà kóòtù láràárọ̀ fóṣù mẹ́ta.

Ẹ̀gbẹ́ títì ni ọgbà náà wà. Àwọn tí ìyá ti kọ́ rí ń gba ibẹ̀ lọ síbi iṣẹ́. Ì bá sàn kí wọ́n fi í ṣẹ̀sín. Wọ́n á rọra ní, "Ẹ káàárọ̀, Tísà," wọ́n á wá yára gbójú kúrò, bí ẹni tó ṣèèṣì já lu àgbàlagbà ní balùwẹ̀. Ìyá á sorí kọ́, á máa gbá ibi tó ti gbá tẹ́lẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì ni àbúrò yọjú. Iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹjọ́ tirẹ̀ náà sì ń bọ̀ lọ́nà.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ n bá yín gbá a."

"Ìwọ kọ́ lo búra."

Kò gbé ìgbálẹ̀ fún un. Àbúrò dúró síbẹ̀ títí ìyá fi gbá a tán, ó wá bẹ̀rẹ̀, ó kó ìdọ̀tí náà. Wọ́n jọ rìn délé.

Lọ́jọ́ kejì, ìyá fa gèlè rẹ̀ wálẹ̀ síwájú orí díẹ̀, ó sì jáde lọ gbá ọgbà kóòtù.