Oúnjẹ Tí Àrìnpé Sè Fún Mi Ní Marseille

Ìyá Rẹ̀mí, jókòó kí n rọ́ àlá tí mo lá mọ́jú òní fún ọ. Mo bá ara mi ní Marseille, ìlú etí òkun ní gúúsù ilẹ̀ Faransé, níbi tí Àrìnpé ọmọ mi ti ń dáná láti ọdún mẹ́fà. Ilé oúnjẹ àwọn olówó ni. Aṣọ funfun wà lórí tábìlì, òkun sì ń dán lójú fèrèsé.

Wọ́n gbé àwo ńlá kan wá fún mi, ṣùgbọ́n ẹja inú rẹ̀ kò ju àtàǹpàkò mi lọ. Mo tọ́ ọ wò, mo sì mọ ọwọ́ ọmọ mi. Mo ní, "Ẹ bá mi pe ẹni tó sè é." Òyìnbó tó gbé e wá fi Ìjẹ̀bú dá mi lóhùn pé kí n jẹun tán ná. Bí mo ṣe ń jẹ ni àwo ń pọ̀ sí i.

Mo bá dìde, mo ti ilẹ̀kùn ilé ìdáná. Àrìnpé kọ ẹ̀yìn sí mi, ó ń ro ọbẹ̀. Irun tí mo dì fún un lọ́jọ́ tó ń lọ ṣì wà lórí rẹ̀.

"Àrìnpé!"

"Mọ́mì, mo ń bọ̀. Ẹ má jẹ́ kó tutù."

Kò yíjú padà. Bí mo ṣe jí nìyẹn, tomijé tomijé.

Mi ò mọ ìtumọ̀ rẹ̀ o. Mo pè é láàárọ̀ yìí. Ó ní, "Mọ́mì, ṣé kò sí o?"

Mo ní kò sí, ohùn rẹ̀ ni mo kàn fẹ́ gbọ́. Mi ò lè bi í pé ìgbà wo ló ń bọ̀ wálé.