Ọjà Ta Ni Ìyá Àṣàbí Ń Polówó?

"Ìyá Àṣàbí, ẹ dúró ná!"

Alájì Àmúdà ló pè é láti ojú fèrèsé. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun Àsùbá tán ni, tẹ̀sùbáà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àṣàbí dúró, gbohùngbohùn ìjọ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti tó ogún ọdún tó ti ń wàásù ìdájí káàkiri àdúgbò Ìrémọ ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, kò sì sí ẹni tó mọ ohùn rẹ̀ tó Alájì aránṣọ yìí, torí iwájú ilé rẹ̀ ló máa ń pẹ́ sí jù.

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ní kí n bi yín léèrè ni. Ọjà ta lẹ ń polówó báyìí?"

"Ìpolówó kẹ̀? Ìwàásù ni, Alájì."

"Ìwàásù tí mo mọ̀ mọ́ yín kọ́ nìyí. Tẹ́lẹ̀, ẹ máa ń ní Jésù kú fún ẹ̀ṣẹ̀ mi, ó sì jíǹde. N kò gbà, ẹ sì mọ̀ pé n kò gbà. Ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí ẹ gbàgbọ́. Láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sẹ́yìn, òróró, físà àti orúkọ pásítọ̀ yín nìkan ni mo ń gbọ́. Ṣé Jésù yín ti rìnrìn àjò ni?"

"Ẹ má fi ẹ̀sìn mi ṣe yẹ̀yẹ́ o!"

"Wálàí, n kò ṣe yẹ̀yẹ́. Mo kàn bèèrè ni." Ó pa fèrèsé rẹ̀ dé.

Inú bí Àṣàbí. Ó ń bú Alájì nínú ọkàn rẹ̀ títí ó fi délé. Kí ló kan Mùsùlùmí nínú ohun tí Kìrìsìtẹ́nì ń sọ? Àfi ìgbà tó tú gèlè tán, tó fi awò sójú, tó wá fara balẹ̀ ka ìwé tí Pásítọ̀ ti ń fún un lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́fà yìí pé kó máa kà á síta. "Ẹ wá gba òróró àṣeyọrí! Ẹ wá pàdé Pásítọ̀ Fọláránmi, ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í lọ lófo! Físà dandan, ọkọ dandan, ilé dandan!" Kò sí àgbélébùú níbẹ̀, kò sí ìrònúpìwàdà. Ìsàlẹ̀ pátápátá ni Jésù wà: "Lórúkọ Jésù, ẹ pe nọ́ńbà yìí."

Inú wá bí i sí ara rẹ̀ ju ti Alájì lọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko! Ẹnu rẹ̀ ń ké, ọkàn rẹ̀ ń sùn, Mùsùlùmí ló wá jí i.

Nígbà tó di aago mẹ́wàá, ó ti wà ní ọ́fíìsì ìjọ, tòun ti ìwé náà àti gbohùngbohùn. Pásítọ̀ àti Yéwándé, akọ̀wé rẹ̀, ló bá níbẹ̀.

"Pásítọ̀, n kò ka ìwé yìí mọ́."

Pásítọ̀ rẹ́rìn-ín. "Mọ́mì, kí ló dé? Ẹ jókòó, ẹ mu omi."

"N kò mu omi. Níbo ni Jésù wà nínú rẹ̀?"

"Ha, Mọ́mì! Gbogbo èèyàn ló ti mọ ti Jésù. Ìyẹn ti yé wọn. Ìlú le, ebi ń pa wọ́n. Tẹ́ ẹ bá ní kí wọ́n wá ronú pìwà dà, ta ló máa wá? Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ wọlé ná, a ó sọ èyí tó kù fún wọn."

"Ìgbà wo lẹ sọ ọ́ fún wọn gbẹ̀yìn?"

Pásítọ̀ tún ti ife omi síwájú rẹ̀. Yéwándé ń wo ilẹ̀.

"Ebi ń pa èmi náà," ni Àṣàbí wí, ohùn rẹ̀ ti ń lọ sókè. "Lọ́jọ́ tí mo sin ọkọ mi, kì í ṣe físà ló gbé mi dìde. Àwọn èèyàn ń kú lọ, ẹ ń ta òróró fún wọn! Ẹni tí a ní kó féni lójú, ata ló fi sẹ́nu!"

Ẹ̀rín kúrò lójú Pásítọ̀. "Ó dáa. Ẹ fi gbohùngbohùn ìjọ sílẹ̀. Láti Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀, Yéwándé ni yóò máa jáde. Ẹ lọ sinmi, mà. Àgbà ti ń dé."

Ó dùn ún wọ egungun. Ogún ọdún nínú òjò, nínú ọyẹ́, wọ́n gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹní gba abọ́ lọ́wọ́ ọmọdé. Ó gbé gbohùngbohùn náà sórí tábìlì, ó kọjú sí ọ̀nà. Ó ti di ilẹ̀kùn mú kó tó dúró. Ọmọ ọdún méje ni ọkùnrin yìí nígbà tó ń jókòó níwájú rẹ̀ ní kíláàsì àwọn ọmọdé, tí òun ń bá a nu imú. Ó ti ilẹ̀kùn padà.

"Fọláránmi."

Yéwándé gbé orí sókè. Kò sẹ́ni tó ń pe Pásítọ̀ bẹ́ẹ̀ nínú ìjọ náà.

"Jókòó."

"Mọ́mì, mo ní ìpàdé..."

"Mo ní kó o jókòó! O ní gbogbo èèyàn ló ti mọ̀ ọ́n. Ìwọ ńkọ́?" Ó fa àga kan, ó jókòó kojú sí i. Inú ṣì ń bí i. "Ẹlẹ́ṣẹ̀ ni ọ́. Ẹlẹ́ṣẹ̀ lèmi náà, torí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo fi ń kéde èèyàn, mo fi Olúwa sílẹ̀. Ọmọ Ọlọ́run kú fún àwa méjèèjì. Wọ́n sin ín. Ó jíǹde lọ́jọ́ kẹta..."

Fóònù Pásítọ̀ ń dún lórí tábìlì. Ó na ọwọ́ sí i, ó wo ojú ìyá náà, ó sì dà á dojú bolẹ̀.

"Ẹ máa bá a lọ, mà," ló wí.