Ilà Ojú Ìyáálé

Fáìzàh ti ya àwòrán mẹ́fà parí fún ìwé àlọ́ kan. Ìkeje ló kù, òun ló sì le jù. Nínú rẹ̀, ìyáálé kan ń febi pa ọmọ tí orogún rẹ̀ tó kú fi sílẹ̀, ọmọdé tó bá ṣí ìwé náà, tí kò tíì mọ̀wé kà, sì gbọ́dọ̀ wo àwòrán náà kó mọ ẹni tó burú. Victorin, tó ń tẹ ìwé ní àdúgbò Koulouba, ti sọ ọ́ gbangba: bí àwòrán kò bá dé bureau, ìyẹn ọ́fíìsì òun, ní aago mẹ́rin lónìí, ayàwòrán mìíràn, Bienvenu, ni yóò gba iṣẹ́ náà. Ìwé àkọ́kọ́ Fáìzàh sì ni.

Ó kọ ilà mẹ́ta-mẹ́ta sí ìyáálé náà lẹ́rẹ̀kẹ́, kí ojú rẹ̀ lè le, ó sì fún un ní ojú pupa àti èékánná gígùn. Ojú àwọn yòókù ń dán, kò sí ilà kankan níbẹ̀.

Ìyá ìyá Fáìzàh, Ṣàkírátù, tó ń ta aṣọ ní àdúgbò Dapoya, gbé bébà náà sókè.

"Ta lèyí?"

"Ìyáálé burúkú ni, Màmá àgbà."

"Àbàjà mi lo kọ sí i yìí. Ọmọ ta ni mo febi pa? Ṣé ìwọ tí o jẹ ìrẹsì àwo méjì láàárọ̀?"

"Style lásán ni, Màmá. Ilà ló ń jẹ́ kí ojú le."

"Ọmọ ọwọ́ ni mí nígbà tí wọ́n kọlà fún mi. Ìwà ìkà wo ni mo ti hù?"

Fáìzàh tún wo àwòrán mẹ́fà yòókù. Ọmọ ìlú kan náà ni gbogbo wọn nínú àlọ́ náà. Bí ẹnì kan bá kọlà, kí gbogbo wọn kọlà. Ó kọ ọ́ sí ojú olúkúlùkù nínú àwòrán méjèèje. Ó pa ojú pupa àti èékánná gígùn ìyáálé rẹ́. Ó wá jẹ́ kí obìnrin náà jókòó lórí ọmọrí ìkòkò ọbẹ̀, kó máa rẹ́rìn-ín, tí ọmọ náà sì gbé àwo òfìfo dúró níwájú rẹ̀.

Nígbà tí aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó dá alùpùpù rẹ̀ dúró níwájú bureau ní Koulouba. Victorin, ọmọ Nàgó láti Benin, fajú ro.

"Ta ló burú níbí? Gbogbo wọn jọra. Obìnrin yìí tún ń rẹ́rìn-ín!"

"Ẹ bi ẹni tí kò kàwé, ọ̀gá."

Victorin pe Agnès tó ń gbá bureau, ẹni tí kò dé iléèwé rí. Agnès kò wò ó lẹ́ẹ̀mejì.

"Èyí ni. Ó fìdí dé ìkòkò mọ́ ọmọ lójú, ó ń rẹ́rìn-ín. Mo ti bá irú wọn ṣiṣẹ́ rí."

"Èmi lò ń bá wí?"

"Rárá o, ọ̀gá. Ẹ̀yin kì í rẹ́rìn-ín."

Victorin fi àwòrán náà sínú fáìlì pẹ̀lú mẹ́fà yòókù.

"D'accord, mo gbà. Báwo la ó ṣe kọ orúkọ rẹ sára ìwé?"

Fáìzàh gba bíìrò lọ́wọ́ rẹ̀, ó kọ ọ́ fún un.